Nígbà tí kòkòrò bá wọ rọ́bà ọrùn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí oògùn tí wọ́n ń tì mọ́ inú catheter

Nọ́ọ̀sì ni mí, ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ará ilé aláìsàn kan kì í fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nípa rọ́bà, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní catheter, tó wà lọ́rùn èèyàn rẹ̀. Ara aláìsàn ń gbóná, ó ń gbọ̀n, dókítà ní kòkòrò àrùn ti wọ rọ́bà. Ṣé kí wọ́n yọ ọ́ ni, àbí oògùn wà tí wọ́n lè fi sínú rẹ̀? Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi rọ́bà sí lára nítorí ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tàbí ẹni tí wọ́n ń gba inú iṣan fún ní oúnjẹ, máa rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Ibo ni rọ́bà yìí dé nínú ara, kí ló dé tó fi ní ẹsẹ̀ méjì?

Ọrùn ni wọ́n ti ń kì í bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, orí rẹ̀ á sì lọ dúró nítòsí ọkàn, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó láti yára jáde kó sì yára padà. Ẹsẹ̀ tó ní àmì pupa ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ, èyí tó ní àmì búlúù ló ń dá a padà. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, ó máa ń gba ojú awọ wọlé tààrà. Èkejì, tí àwa ń pè ní permcath, máa ń gba abẹ́ awọ àyà kọjá kó tó wọ iṣan, ó sì ní òrùka òwú kékeré kan lára tí ẹran ara máa ń dì mú. Ìyẹn lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Bí a bá fọ ẹ̀jẹ̀ tán, a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ á dì sínú wọn. A máa ń fi heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kún inú wọn, a ó tì wọ́n, a ó dé wọn títí di ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Ohun tí a fi kún inú rẹ̀ tí a sì tì mọ́ ibẹ̀ yìí la ń pè ní lock. Ẹ fi í sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kù dá lé.

Báwo ni kòkòrò ṣe ń débẹ̀?

Ọ̀nà méjì ló pọ̀ jù. Èkíní ni ojú ibi tí rọ́bà ti wọ awọ: kòkòrò tó wà lára awọ á máa rìn tọ ẹ̀yìn rọ́bà wọlé. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn bí rọ́bà bá ṣì jẹ́ tuntun, tí kò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì. Èkejì ni ẹnu rọ́bà fúnra rẹ̀, níbi tí a ti ń ṣí i tí a ń dé e. Bí rọ́bà bá ti pẹ́ lára, ẹnu yìí ni ọ̀pọ̀ kòkòrò ń gbà, inú ihò rọ́bà ni wọ́n sì máa ń jókòó sí.

Mi ò ní fi bò: ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìgbàkígbà tí a bá ṣí ìdérí yẹn láìfọ ọwọ́, láìwọ ìbọ̀wọ́, láìfi oògùn nu ẹnu rẹ̀ kó sì gbẹ, a ti ṣílẹ̀kùn nìyẹn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wọ ìbọ̀wọ́." Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tí wọ́n so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ. Ṣé kì í ṣe ibà ẹ̀fọn ni?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dùn mí jù, torí ibẹ̀ la ti ń pàdánù àkókò. Ní ilẹ̀ wa, ara gbígbóná àti òtútù kò ní orúkọ méjì: ibà ni. Wọ́n á lọ ra oògùn ibà lọ́dọ̀ kẹ́mísítì, wọ́n á lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ara á rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní ó ti lọ. Bí wọ́n bá tún so ó mọ́ ẹ̀rọ, òtútù á tún mú un títí eyín á fi máa lu ara wọn.

Ẹ wo ìgbà tí gbígbọ̀n náà ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nílé kò sí nǹkan kan, àmọ́ kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rọ́bà kọjá ni òtútù dé, rọ́bà ni kí ọkàn yín kọ́kọ́ lọ sí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fọ̀n sínú ara. Ojú awọ lè mọ́ tónítóní, kó má pupa, kó má sì ní ọyún, kí inú rọ́bà sì kún fún kòkòrò. Ẹ má sọ pé, "Kò wú, kò dùn ún, a jẹ́ pé kì í ṣe ibẹ̀."

Ibà ẹ̀fọn náà lè mú ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ẹni tó bá ní rọ́bà lára tí ara rẹ̀ gbóná, ilé ìwòsàn ni ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá wá ń sọ̀rọ̀ kantan-kantan, tàbí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n tún gba òmíràn nínú rọ́bà. Ṣé kì í ṣe owó lásán ni wọ́n ń gbà?

Rárá o. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí kòkòrò ń gbé ni. Láàbù á fi ẹ̀jẹ̀ méjèèjì síbi tí kòkòrò ti lè hù, wọ́n á sì máa ṣọ́ èyí tó kọ́kọ́ hù. Bí ti inú rọ́bà bá fi wákàtí méjì ó kéré tán ṣáájú ti ọwọ́, rọ́bà ni orísun. Ìdánwò yìí kan náà ló máa sọ orúkọ kòkòrò àti oògùn tó lè pa á. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé. Bí oògùn apakòkòrò bá ti wọ ara ṣáájú, láàbù lè má rí nǹkan kan, kí kòkòrò sì wà níbẹ̀.

Ó gba abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ yá. Kí ló dé tí ibà tún padà?

Ẹ rántí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi rọ epo pupa rí. Ẹ bu omi sí i, ẹ mì í, ẹ dà á nù. Ẹ tún bu òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá lẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ara kẹ́ẹ̀gì á ṣì máa yọ̀. Ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe ni pé wọ́n á po ọṣẹ kó ki dáadáa mọ́ omi gbígbóná, wọ́n á rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á dé e, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí kòkòrò ṣe ń ṣe nínú rọ́bà nìyẹn. Kì í léfòó nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri inú rọ́bà, á wá tu nǹkan kan tó ń yọ̀ bí ọ̀rá ilá bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Biofilm ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kòkòrò tó wà lábẹ́ ìbòrí yìí lè fara da oògùn tó pọ̀ ju èyí tó máa pa ẹgbẹ́ rẹ̀ lóde lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn ìlọ́po 1,000. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un pa àwọn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara fi yá. Àwọn tó wà lára ògiri rọ́bà kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tán, wọ́n tún já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Kí wá ni oògùn tí wọ́n ń tì mọ́ inú rọ́bà yìí?

Ohun tí àwọn ìyá wa ṣe sí kẹ́ẹ̀gì ni. Dípò heparin nìkan, a ó po oògùn apakòkòrò tó ki gan-an, a ó fi kún ihò rọ́bà méjèèjì láìjẹ́ kó ṣàn wọ ara, a ó tì í, a ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi vancomycin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn apakòkòrò, ṣàlàyé bó ṣe ki tó. Nígbà tí wọ́n bá fún aláìsàn ní vancomycin gba inú iṣan, ohun tí dókítà sábà máa ń fẹ́ kó ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ kí oògùn mìíràn tó wọlé jẹ́ bíi mílígíráàmù 15 sí 20 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Èyí tí a ń tì mọ́ inú rọ́bà sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 5 nínú mílílítà kan, ìyẹn 5,000 nínú lítà kan. Kò sí bí a ṣe lè gbé ẹ̀jẹ̀ èèyàn dé ibẹ̀ láìpa á. Nínú rọ́bà, tí ihò kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kì í gbà ju mílílítà bíi méjì lọ, a lè ṣe é, torí gbogbo oògùn tó wà níbẹ̀ kò ju bíńtín lọ.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́dún 1988, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé kan, tí Bernard Messing ṣáájú wọn, kọ̀wé nípa rẹ̀. Àwọn tí ìfun wọn kò lè gba oúnjẹ mọ́, tí wọ́n ń gba iṣan bọ́ nílé, ni wọ́n tọ́jú. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn tí oúnjẹ lè gbà wọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ń yọ rọ́bà ní gbogbo ìgbà, iṣan wọn á tán. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwọn.

Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?

Bí a bá fọ ẹ̀jẹ̀ tán, a ó fi omi iyọ̀ ṣan rọ́bà. A ó wo ara rẹ̀: wọ́n máa ń kọ iye tí ihò kọ̀ọ̀kan ń gbà sí ara ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí kílíìpù rẹ̀, bíi 1.6 tàbí 1.9. Iye náà gan-an la máa fi sí i. Bó bá pọ̀ jù, oògùn á dà sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá kéré, kò ní dé orí rọ́bà, ibẹ̀ ni kòkòrò á sì sá pamọ́ sí. Ẹsẹ̀ méjèèjì la ń ṣe, a kì í fi ọ̀kan sílẹ̀. A máa ń lẹ ìwé mọ́ ọn pé oògùn apakòkòrò ló wà nínú rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà fọ̀n ọ́n wọlé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà wá, a ó kọ́kọ́ fà á jáde dànù ká tó so ẹ̀rọ.

A lè po heparin mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oògùn ló bá heparin rẹ́. Òmíràn á dì bí ògì. Apòògùn ló yẹ kó sọ iye tí wọ́n á fi po ara wọn. Bí omi inú sìríńjì bá dúdú díẹ̀ tàbí tó funfun bí omi èkọ, kò gbọ́dọ̀ wọ rọ́bà.

Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan la máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 10 sí 14 ni gbogbo rẹ̀ sábà máa ń gbà. Ibi tí ọ̀ràn ti máa ń wọ́ ni pé owó lè máà sí, kí aláìsàn wá lọ́jọ́ Ajé kó má padà wá títí di ọjọ́ Ajé mìíràn. Oògùn inú rọ́bà kì í dúró digbí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jò jáde láti àwọn ihò tó wà lórí rọ́bà, ẹ̀jẹ̀ á sì máa rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá kọjá láìpààrọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tí a ṣe ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò ní lè wá, ẹ pè wá, ká jọ wá bí ẹ ṣe máa yà wọlé fún ìpààrọ̀ oògùn nìkan.

Ṣé èyí túmọ̀ sí pé a ò ní ra abẹ́rẹ́ mọ́?

Ẹ ṣì máa rà á. Inú rọ́bà ni ọ̀pọ̀ oògùn yìí ń wà, kò lè pa kòkòrò tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ nínú ara, lock ń ṣiṣẹ́ nínú rọ́bà. Ní ti owó, lock kò wọ́n púpọ̀, torí bíńtín ni oògùn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti àyẹ̀wò láàbù ló ń gba owó.

Dókítà ní àfi kí wọ́n yọ rọ́bà náà. A bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ṣé kò fẹ́ gbìyànjú ni?

Ẹ má bẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo mọ ohun tí rọ́bà yẹn ná yín, mo mọ iye ọjọ́ tí ẹ fi wá owó permcath. Síbẹ̀, àwọn ọ̀ràn kan wà tí lock kò gbọ́dọ̀ dé.

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus wà lára wọn. Òun ló máa ń ti inú rọ́bà lọ gúnlẹ̀ sí ilẹ̀kùn ọkàn, sí egungun ẹ̀yìn, sí oríkèé. Pseudomonas náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Candida, tó jẹ́ èbu, tí kì í tilẹ̀ ṣe bakitéríà. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ń lọ sílẹ̀ tí ara rẹ̀ ń rẹ̀ wálẹ̀, rọ́bà gbọ́dọ̀ jáde. Bí ọyún bá wà ní ojú ibi tó ti wọlé tàbí lójú ọ̀nà tó gbà lábẹ́ awọ, rọ́bà gbọ́dọ̀ jáde, torí oògùn tó wà nínú ihò kò lè kan ohun tó wà lẹ́yìn rọ́bà. Ìdí kan náà ni lock kì í fi í wúlò púpọ̀ fún rọ́bà tuntun. Bí wọ́n bá sì ti fún un ní oògùn tó yẹ fún wákàtí 72 tí kòkòrò ṣì ń hù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àwọn tí lock ń bá ṣe dáadáa ni àwọn kòkòrò tí ọwọ́ wọn kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, lock pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ṣàṣeyọrí lára bíi 75 sí 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní Staphylococcus epidermidis, èyí tó ń gbé lára awọ gbogbo wa. Fún àwọn kòkòrò tí láàbù ń pè ní Gram-negative, ó tó 87 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún Staphylococcus aureus, 40 sí 55 péré ni. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn. Èyí ló fà á tí dókítà fi ń dúró de orúkọ kòkòrò kó tó dáhùn.

Mo ti jókòó ti ìyàwó ilé kan tó fẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí owó. Ọjọ́ kẹrin ló gbà. Bàbá náà yè, ṣùgbọ́n oṣù méjì gbáko ló lò nílé ìwòsàn, torí kòkòrò ti dé egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Owó tó ná níbẹ̀ ju ti rọ́bà tuntun lọ fíìfíì.

Bí wọ́n bá yọ ọ́, ibo ni wọ́n máa gbà fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Wọ́n lè fi rọ́bà ìgbà díẹ̀ sí ibòmíràn, itan tàbí ẹ̀gbẹ́ ọrùn kejì, kí wọ́n tó fi permcath mìíràn sí i nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti mọ́. Nígbà mìíràn, bí ibà bá ti lọ tí ojú awọ sì mọ́, dókítà lè ti wáyà gba inú rọ́bà àtijọ́, yọ ọ́, kó sì fi tuntun wọlé ní ojú kan náà. Ìyẹn wúlò fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ti ń tán.

Ṣé oògùn inú rọ́bà yìí lè ṣe èèyàn níbi?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí a kò bá ṣọ́ra. Bí ẹnì kan bá fọ̀n ọ́n wọlé láìfà á jáde, heparin inú rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Gentamicin, oògùn apakòkòrò mìíràn, bó bá ń jò wọ ara léraléra, lè ba etí jẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, torí náà bí etí bá ń hó tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí oògùn kan bá ti ṣe é rí, tí ara ń yún un tàbí tí ojú ń wú, ẹ sọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́ pé spirit náà ń pa kòkòrò. Ṣé wọn ò lè rọ spirit sínú rọ́bà?

Ọtí tó mọ́, tí wọ́n pèsè nílé ìwòsàn ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, wà lára ohun tí àwọn dókítà ti lò fún lock. Kì í ṣe gbogbo rọ́bà ló lè gbà á. Àwọn mìíràn á rọ̀, wọ́n á sì sán. Spirit tí ẹ ń rà ní kẹ́mísítì kì í ṣe irú rẹ̀. Májèlé wà nínú rẹ̀. Kó má ṣe kan inú rọ́bà láéláé.

Ṣé a lè máa lò ó kí kòkòrò má tilẹ̀ wá rárá?

Ó ṣeé ṣe, ó sì ń dín in kù. Ohun tó ń kọ àwọn dókítà lóminú ni pé bí wọ́n bá ń lo oògùn apakòkòrò lójoojúmọ́ fún ẹni tí kò ní àrùn, kòkòrò á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a jà, oògùn náà ò sì ní ràn mọ́ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ti kó o léraléra ni wọ́n sábà máa ń rò ó fún. Àwọn ohun mìíràn wà tí kì í ṣe oògùn apakòkòrò gan-an, bíi citrate àti taurolidine. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí taurolidine tí wọ́n po mọ́ heparin fún àwọn àgbàlagbà tó ń fi rọ́bà fọ ẹ̀jẹ̀.

Kí ni àwa ará ilé lè ṣe?

Ẹ má jẹ́ kí omi kan ojú ibi tí rọ́bà ti wọlé: kí aláìsàn fi aṣọ tútù nu àyà àti ọrùn, kó sì wẹ láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Bí báńdéèjì bá tú tàbí tó rin, ẹ wá kí a pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi tiyín síbẹ̀ nílé. Ẹ má fi àdí, ẹ má fi òrí, ẹ má fi àgbo pa á.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé rọ́bà ìfọ̀jẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gbé omi fún èèyàn. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn kékeré kan lóru, tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ tàbí so dírìpù mọ́ ọn, ẹ kọ̀ fún wọn tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀. Ẹ ní oògùn wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń ṣí i.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti lọ pátápátá?

Kì í ṣe nípa pé ara yá. Bí oògùn bá parí tí rọ́bà sì wà níbẹ̀, kí wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí láàbù wò ó. Ọ̀pọ̀ kì í padà wá ṣe èyí, torí ara wọn ti dá. Ẹ bá mi rọ̀ wọ́n kí wọ́n wá.

Títí di ìgbà wo la máa fi máa bá rọ́bà yìí jà?

Bó bá ṣeé ṣe, kó má pẹ́. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní rọ́bà nínú rárá, fistula ni wọ́n ń pè é. Oníṣẹ́ abẹ á so iṣan méjì pọ̀ ní apá, iṣan náà á wú, á le, abẹ́rẹ́ ni wọ́n á máa fi gún un nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀. Láti 1966 ni Brescia, Cimino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York, kòkòrò kì í sì í kó bá a bó ṣe ń kó bá rọ́bà. Ó máa ń gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta kó tó gbó, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ dúró kí rọ́bà bàjẹ́ kí ẹ tó béèrè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Apá tí aláìsàn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò, tó sábà máa ń jẹ́ òsì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ mọ́ láti òní lọ.